Ṣé béèlì ti di ọ̀nà àsálà fún olówó? Àríyànjiyàn àwọn ọmọ Èkìtì

Ará Òkèsà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ojúmọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀ wò, nítorí a fẹ́ kọ̀wé sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wa l'Ádó lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ̀sùn kíkó owó ìlú jẹ kan ẹni ńlá lónìí, kì í pẹ́ tí adájọ́ fi máa fún un ní béèlì ₦100 mílíọ̀nù tàbí ₦500 mílíọ̀nù. Ilé ló ń lọ. Ẹjọ́ á wá máa falẹ̀ fún ọdún méje, ọdún mẹ́wàá. Àwọn mìíràn á ti gba ẹnu ibodè lọ.

Ẹ rántí ẹjọ́ Abdulrasheed Maina, tó fìgbà kan jẹ́ alága ìgbìmọ̀ àtúnṣe owó ìfẹ̀yìntì. Ọdún 2019 ni EFCC gbé e lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ l'Ábùjá. Wọ́n ní ó gbé owó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, owó náà sì tó ₦2 bílíọ̀nù. Wọ́n fún un ní béèlì ₦500 mílíọ̀nù, Sẹ́nétọ̀ Ali Ndume sì dúró fún un. Kí ọdún 2020 tó parí, wọ́n wá Maina títí, wọn ò rí i. Orílẹ̀-èdè Niger ni wọ́n ti lọ mú un.

Ohun tí mo fẹ́ ká bèèrè fún nìyí: ẹnikẹ́ni tí owó ìlú tó wà nínú ẹ̀sùn rẹ̀ bá ti lé ní ₦100 mílíọ̀nù, kó má rí béèlì gbà rárá. Kó wà ní àhámọ́ títí wọ́n á fi dá ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ èrò yín.

Lọ́yà Ìjerò

Ẹ̀gbọ́n, ohun tó ń bí yín nínú ń bí èmi náà nínú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi èyí ránṣẹ́ báyìí, kò ní lọ jìnnà. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 36(5), sọ pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí ilé-ẹjọ́ á fi sọ pé ó jẹ̀bi. Abala 35(4) náà sọ pé ẹni tó wà ní àhámọ́, bí wọn kò bá tíì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ láàárín oṣù méjì tí wọ́n mú un, kí wọ́n tú u sílẹ̀, yálà láìsí àdéhùn kankan tàbí pẹ̀lú àdéhùn tí á mú kó padà wá jẹ́jọ́. Kò sí òfin ìpínlẹ̀ tó lè borí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀. Ẹ̀sùn tí EFCC bá gbé lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀, títí kan èyí tó wà l'Ádó níbí, òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ACJA ti 2015, ni wọ́n ń tẹ̀ lé níbẹ̀. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti Èkìtì, èyí tó jáde ní 2014, ilé-ẹjọ́ ìpínlẹ̀ wa ló ń darí. Bí ilé aṣòfin wa bá tilẹ̀ gbọ́ tiyín, púpọ̀ nínú àwọn ẹja ńlá tí ẹ ń lé kò sí nínú odò tí àwọ̀n yín dé.

Ẹ má sì rò pé òfin kò mọ̀ pé èèyàn lè sá. Abala 162 nínú ACJA, tó wà fún ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ju ọdún mẹ́ta lọ, jẹ́ kí adájọ́ kọ béèlì bí ẹ̀rí bá wà pé ẹni náà á tún dá ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn, tàbí á sá fún ẹjọ́, tàbí á dẹ́rù ba ẹlẹ́rìí, tàbí á ba ẹ̀rí jẹ́. Ẹ̀rí ni adájọ́ ń wò. Bí EFCC bá kàn kọ ọ́ sínú àfidáfítì wọn, ìyẹn ìwé ìbúra, pé "a bẹ̀rù pé yóò sá", tí wọn ò so ohunkóhun mọ́ ọn, adájọ́ á fún un ní béèlì, ó sì yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n mú ìwé ìrìnnà kejì tí ẹni náà tọ́jú wá síwájú adájọ́, tàbí ẹ̀rí owó tó fi ránṣẹ́ sókè òkun ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n pè é fún ìbéèrè, tàbí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í mú un wá.

Oníṣirò Ìdó

Lọ́yà, ẹ ti sọ ti òfin. Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó.

Ká ní wọ́n sọ pé ọkùnrin kan kó ₦2 bílíọ̀nù, béèlì rẹ̀ sì jẹ́ ₦500 mílíọ̀nù. Bó bá dúró tí wọ́n dá a lẹ́bi, á lọ sẹ́wọ̀n, wọ́n á sì gba gbogbo ₦2 bílíọ̀nù náà padà. Bó bá sá, ₦500 mílíọ̀nù ló máa lọ, ìyẹn bó bá tilẹ̀ lọ, ₦1.5 bílíọ̀nù á ṣẹ́ kù fún un, òmìnira rẹ̀ á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí wọ́n ń wá ló fi ra ara rẹ̀. Ẹni tó mọ ìṣirò mọ èyí tó dùn ún mú.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan. Carlos Ghosn, tó jẹ́ ọ̀gá Nissan, fi ¥1.5 bílíọ̀nù sílẹ̀ ní kóòtù Tokyo ní 2019 kí wọ́n tó jẹ́ kó jáde. Owó gidi ni, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé kámẹ́rà sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, lọ́yà ló ń tọ́jú ìwé ìrìnnà rẹ̀. Nígbà tí oṣù Kejìlá ọdún yẹn ń parí lọ, ó wọ inú àpótí ńlá tí wọ́n fi ń kó ẹ̀rọ orin, wọ́n gbé àpótí náà sínú ọkọ̀ òfuurufú àdáni ní pápákọ̀ Kansai, ó gba Istanbul dé Beirut. Àpótí náà tóbi ju ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹrù wò lọ, wọn ò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Kóòtù gba ¥1.5 bílíọ̀nù yẹn pátápátá, kò sì mú un padà, nítorí Lebanon kì í fa ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ lé orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́. Owó tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò dá a dúró. Èwo wá ni ìwé tí ẹnì kan kàn buwọ́ lù l'Ábùjá?

Nítorí náà mo wà lẹ́yìn Ará Òkèsà. Ẹ gbé iye béèlì sókè títí á fi dun olówó, tàbí kí ẹ fagi lé e pátápátá.

Ìyá Ìkọ̀lé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra o. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá sọ pé kí béèlì le sí i, orí ọmọ tálákà ni ó ń já lé. Kò tíì sí ìgbà kan tí ó já lé orí olówó.

Ẹ lọ wo ilé-ẹjọ́ májísíréètì ní àwọn ìlú wa. Wọ́n mú ọmọ kan torí fóònù. Májísíréètì fún un ní béèlì ₦100,000, onídùúró kan, kí onídùúró náà ní ilé tó ní ìwé sí-ọ́fù-ó, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba, kó fi ìwé owó orí ọdún mẹ́ta hàn, kó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ilé mélòó ló ní sí-ọ́fù-ó ní ìgbèríko Èkìtì? Ilé ẹbí ni púpọ̀ nínú ilé wa, baba ńlá ló kọ́ ọ, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo kò sí lórí ẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń gbin iṣu àti kòkó kò ní ìwé owó orí ọdún mẹ́ta. Ìyẹn ni wọ́n fi ń sọ pé ọmọ náà kò rí onídùúró, á sì lo oṣù mẹ́fà ní àhámọ́ lórí ẹ̀sùn tó jẹ́ pé bó bá tilẹ̀ jẹ̀bi, ẹ̀wọ̀n tí wọ́n á fún un lè má tó oṣù mẹ́ta. Ó lé ní ìdajì àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ilẹ̀ yìí tí wọn kò tíì dá lẹ́jọ́ rárá.

Kó tilẹ̀ tó dé kóòtù, wọ́n á ti gba owó ní tẹ́ṣàn. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri wọn pé ọ̀fẹ́ ni béèlì, síbẹ̀ wọ́n á ní kí ìyá ọmọ mú nǹkan wá. Abala 165 nínú ACJA tí Lọ́yà ń sọ yẹn, ṣebí ó sọ pé àdéhùn béèlì kò gbọ́dọ̀ pọ̀ jù? Ta ló ń tẹ̀ lé e fún àwọn ọmọ wa?

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí: abala 167 sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ kọ obìnrin ní onídùúró torí pé obìnrin ni. Títí di òní, àwọn òṣìṣẹ́ kan ṣì ń sọ fún ìyá pé kó lọ pe ọkọ rẹ̀ wá.

Lọ́yà Ìjerò

Màmá, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Bí wọn kò bá gbà yín ní onídùúró nítorí pé obìnrin ni yín, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n sì buwọ́ lù ú. Wọn kì í fẹ́ kọ irú ìyẹn sílẹ̀. Ti òṣìṣẹ́ ìjọba náà, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti bẹnu àtẹ́ lù ú ní 2019 nínú ẹjọ́ Sambo Dasuki, olùdámọ̀ràn ààbò orílẹ̀-èdè tẹ́lẹ̀, pé wọ́n ń fi dandan lé e pé òṣìṣẹ́ ìjọba ni kó dúró fún èèyàn. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà ọmọ náà fi ìyẹn bẹ májísíréètì láti tún àdéhùn béèlì wò. Ẹ̀bẹ̀ lásán ni, kò gba ẹjọ́ tuntun.

Oníṣirò, ìṣirò yín dára, àmọ́ ohun kan wà tó yẹ kí gbogbo ará ilé yìí mọ̀. Nígbà tí adájọ́ bá sọ pé "béèlì ₦500 mílíọ̀nù pẹ̀lú onídùúró kan", ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹnikẹ́ni kì í gbé kọ́bọ̀ kalẹ̀. Ìwé ẹ̀jẹ́ ni onídùúró buwọ́ lù, pé bí ẹni yìí kò bá wá, òun á san ₦500 mílíọ̀nù. Abala 165 fún adájọ́ láyè láti ní kí wọ́n fi owó sílẹ̀, ó sì ní wọ́n gbọ́dọ̀ dá a padà bí ẹjọ́ bá parí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó wọ́pọ̀ nílé-ẹjọ́ gíga. Amẹ́ríkà náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún Sam Bankman-Fried, tó ni FTX, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣòwò owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní oṣù Kejìlá 2022. $250 mílíọ̀nù ni wọ́n pe béèlì rẹ̀, ilé àwọn òbí rẹ̀ sì ni wọ́n fi dúró. Ohun tó dá a padà sí àhámọ́ ní oṣù Kẹjọ 2023 kò kan owó rárá. Adájọ́ sọ pé ó ń gbìyànjú láti yí ọkàn ẹlẹ́rìí padà, ó sì gba béèlì náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Akọ̀wé Ajílósùn

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ gan-an ni Lọ́yà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé yẹn. Ibẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ ká dúró sí díẹ̀. Ẹ̀yin ń wo iye tí adájọ́ pè, bẹ́ẹ̀ àárín ìgbà tí adájọ́ pe béèlì àti ìgbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n ni ọ̀nà àsálà wà.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Adájọ́ á ka àdéhùn. Onídùúró á kó ìwé wá bá akọ̀wé kóòtù: sí-ọ́fù-ó gan-an, kì í ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ìwé owó orí, fọ́tò ìwé ìrìnnà, káàdì ìdánimọ̀, àti àfidáfítì tó fi búra pé òun ní ohun tó tó iye béèlì. Akọ̀wé á kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ń rí sí ilẹ̀ bóyá sí-ọ́fù-ó náà jẹ́ òótọ́, á kọ̀wé sí àjọ tó ń gba owó orí, á rán òṣìṣẹ́ kóòtù lọ wo ilé tí onídùúró ní òun ń gbé. Wọ́n á jẹ́ kí olùpẹ̀jọ́ mọ̀. Nígbà tí èsì bá dé tán ni onídùúró á tó buwọ́ lù, tí adájọ́ á buwọ́ lu ìwé ìtúsílẹ̀, tí wọ́n á gbé e lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n ní ọ̀nà Afáó.

Níbo ló ti ń wó? Àkọ́kọ́, ìkánjú. Lọ́yà olówó kì í fẹ́ kí oníbàárà òun sun ẹ̀wọ̀n ní òpin ọ̀sẹ̀, nítorí náà wọ́n á fi ọwọ́ gbé lẹ́tà lọ, wọ́n á fi ọwọ́ gbé èsì bọ̀. Èsì tí ẹni tó nílò rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé wá, ta ló mọ̀ bóyá ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ ló kọ ọ́? Òṣìṣẹ́ kóòtù ló yẹ kó gbé e lọ, kó gbé e bọ̀, kó sì pe ilé-iṣẹ́ náà padà lórí nọ́ńbà tí kóòtù ti ní tẹ́lẹ̀, kì í ṣe nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà.

Èkejì ni sí-ọ́fù-ó tó jẹ́ òótọ́ àmọ́ tí kò wúlò mọ́. Ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ á sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni, tiwa ni", ẹnikẹ́ni kò sì bèèrè bóyá báǹkì ti gbà á ní ìdúró fún yíyáwó. Ìwé kan náà lè wà ní Ilé-ẹjọ́ Gíga ti ìpínlẹ̀ fún ẹnì kan, kí nọ́ńbà rẹ̀ tún wà ní ti ìjọba àpapọ̀ fún ẹlòmíràn, torí pé ìwé àkọsílẹ̀ kóòtù méjèèjì kò mọ ara wọn. Ohun tó yẹ ni pé kí lẹ́tà akọ̀wé bèèrè nǹkan mẹ́ta: ta ló ni ín, ṣé gbèsè wà lórí rẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ sì kọ ọ́ sórí fáìlì ilẹ̀ náà pé kóòtù ti dì í mú, kí ẹnikẹ́ni má lè tà á tàbí yá owó lé e lórí títí ẹjọ́ á fi parí. Bí wọn kò bá kọ ìyẹn, onídùúró lè ta ilé náà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀kẹta, iye tí ilé náà tó. Àfidáfítì onídùúró ni wọ́n ń gbà gbọ́. Ilé ₦40 mílíọ̀nù ń dúró fún béèlì ₦200 mílíọ̀nù. Ẹ ní kí adíyelé ilẹ̀ tó ní ìwé ẹ̀rí kọ iye rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni àwọn tí dídúró fún èèyàn ti di iṣẹ́ wọn. Wọ́n wà ní àyíká kóòtù káàkiri ilẹ̀ yìí, wọ́n ń gba owó, wọn ò mọ ẹni tí wọ́n ń dúró fún. Bí ẹni náà bá sá, àdírẹ́sì onídùúró á di ṣọ́ọ̀bù tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. NIN onídùúró ló yẹ kí wọ́n fi wò ó, kí orúkọ rẹ̀ sì wọ ìwé kan tí gbogbo kóòtù lè ṣí, kí wọ́n mọ ẹni tó ti dúró fún èèyàn mẹ́ta ṣáájú.

Oníṣirò Ìdó

Akọ̀wé, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ tún ti iwájú mi ṣí ilẹ̀kùn mìíràn. Bí onídùúró bá ní ilé gidi, tí kóòtù sì dì í mú, ta ló ń jìyà bí olówó bá sá? Onídùúró. Ẹni tó sá kò pàdánù nǹkan kan.

Akọ̀wé Ajílósùn

Nínú ẹjọ́ Maina ẹ rí i. Adájọ́ Okon Abang gba béèlì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 2020. Ní ọjọ́ 23, ó ní kí wọ́n gbé Ndume lọ sí ẹ̀wọ̀n Kuje títí á fi san ₦500 mílíọ̀nù náà, ó sì ní kí wọ́n ta ilé tó fi dúró bí kò bá san án. Ọjọ́ 27 ni Ndume tó rí béèlì tirẹ̀ gbà láti lọ pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Nígbà tó fi di ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, wọ́n ti gbé Maina dé láti Niger. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá 2021, adájọ́ yẹn kan náà rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́jọ.

Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n fọwọ́ kan onídùúró, gbogbo ìlú ló gbọ́, ìjọba sì wá Maina pẹ̀lú agbára. Òfin wà fún un tipẹ́: abala 179 nínú ACJA ní kí kóòtù pe onídùúró kó wá sọ ìdí tí kò fi yẹ kó san án. Ó kù kí wọ́n máa lò ó. Nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí èèyàn ti sá, wọ́n kàn ń fún wọn ní ìwé ìmúni, wọ́n á wá gbé fáìlì sápá kan.

Ọ̀dọ́ Ọ̀tùn

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò yẹ ká fi ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí èèyàn wà sí ẹni tí wọ́n fún ní béèlì lẹ́sẹ̀ ni? Nígbà tí wọ́n gbé Diezani Alison-Madueke, mínísítà epo rọ̀bì tẹ́lẹ̀, wá síwájú kóòtù Westminster ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kẹwàá 2023, wọ́n fún un ní béèlì £70,000, wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ọn lára, wọ́n sì ní kò gbọ́dọ̀ jáde nílé láti aago 11 alẹ́ títí di aago 6 òwúrọ̀. Ó ní òun kò jẹ̀bi, ó sì wà níbẹ̀. £70,000 kò tó nǹkan kan lójú irú ẹ̀sùn yẹn, ẹ̀rọ yẹn ló mú un dúró.

Lọ́yà Ìjerò

Àbúrò, ẹ̀rọ dára, àmọ́ kì í dá iṣẹ́ ṣe. Leonard Francis, tí wọ́n fi ẹ̀sùn rìbá ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà kàn, ẹ̀rọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nílé rẹ̀ ní San Diego. Oṣù Kẹsàn-án 2022, ó gé e dànù, ó lọ. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n tó mú un ní Venezuela. Ẹ̀rọ á sọ fún yín pé ó ti gé e. Bí kò bá sí ọlọ́pàá tó máa gbéra ní wákàtí yẹn, ìròyìn lásán ni.

Níbí, iná mọ̀nàmọ́ná àti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì gan-an jẹ́ ìṣòro. Ta ló máa jókòó ti kọ̀ǹpútà ní aago mẹ́ta òru?

Ọ̀dọ́ Ọ̀tùn

Mo gbà, ẹ̀gbọ́n. Ìwé ìrìnnà ńkọ́? Ṣebí wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ wọn.

Akọ̀wé Ajílósùn

Wọ́n ń gbà á, ó ń wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù akọ̀wé. Ihò mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ẹni ńlá lè ní ìwé ìrìnnà àwọn aṣojú ìjọba yàtọ̀ sí ti gbogbogbòò, tàbí ti orílẹ̀-èdè mìíràn, kóòtù á sì gba ẹyọ kan. Èkejì, ẹnu ibodè ilẹ̀: láti ibí lọ sí Benin, ọmọ ECOWAS ni gbogbo wa, Niger náà sì wà nínú rẹ̀ títí di 2025, ọ̀nà ìgbó sì pọ̀. Maina náà ṣáà dé Niger. Ẹ̀kẹta ni ìwé dókítà. Wọ́n á mú lẹ́tà wá pé àìsàn rẹ̀ kò ní ìtọ́jú nílẹ̀ yìí, kóòtù á dá ìwé ìrìnnà padà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ohun tó yẹ kí àṣẹ béèlì máa sọ ni pé: ẹ kó gbogbo ìwé ìrìnnà tí ẹ ní wá, kí ẹ fi àfidáfítì búra pé kò sí òmíràn, kí akọ̀wé sì kọ̀wé sí àjọ aṣọ́bodè ní ọjọ́ yẹn gan-an kí orúkọ rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà wọn. Kí ó máa lọ buwọ́ lùwé ní ọ́fíìsì EFCC lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí kò bá wá ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kí kóòtù ti mọ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n sún ẹjọ́ sí lẹ́yìn oṣù méjì.

Lọ́yà Ìjerò

Ti ìwé dókítà, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ láti 2002 nínú ẹjọ́ Mohammed Abacha. Kì í ṣe pé o ń ṣàìsàn nìkan ni ó ń fún ọ ní béèlì. Ẹ̀rí gbọ́dọ̀ wà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ nípa àìsàn náà, kó sì hàn pé àwọn tó ń tọ́jú rẹ níbi tí o wà kò lè tọ́jú rẹ. Olùpẹ̀jọ́ lè ní kí dókítà yẹn wá sí kóòtù kó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Wọn kì í pè é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ mí lógún jù. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Àwọn tó sá gan-an kò pọ̀. Èyí tó pọ̀ ni àwọn tó jókòó sílé tí ẹjọ́ wọn kò tán. Ẹjọ́ Orji Uzor Kalu, gómìnà Abia tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 2007, ìdájọ́ rẹ̀ jáde ní oṣù Kejìlá 2019. Ní oṣù Karùn-ún 2020, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ fagi lé e, torí pé wọ́n ti gbé adájọ́ náà lọ sí Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn kó tó padà wá parí ẹjọ́. Ọdún méjìlá ló wọlẹ̀. Ó rí béèlì gbà, ó wà ní kóòtù, kò sá. Àsìkò ló ṣe iṣẹ́ náà: ẹlẹ́rìí á kú, á fẹ̀yìn tì, á gbàgbé ọjọ́ tí ó rí ìwé, wọ́n á gbé adájọ́ lọ.

Òfin ti gbé oògùn rẹ̀ kalẹ̀. Abala 396 nínú ACJA ní kí wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ lójoojúmọ́. Bí kò bá ṣeé ṣe, ìhà kọ̀ọ̀kan kò ní ẹ̀tọ́ sí ju sísún márùn-ún lọ, àárín ọ̀kan sí èkejì kò sì gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ iṣẹ́ 14 lọ. Abala 306 ní kí wọ́n má dá ẹjọ́ dúró torí pé ẹnì kan gbé ọ̀rọ̀ kékeré kan lọ sí kòtẹ́milọ́rùn. Fún ẹni tó bá sá, abala 352(4) jẹ́ kí adájọ́ máa gbọ́ ẹjọ́ lọ lẹ́yìn rẹ̀ bó bá ti sún un lẹ́ẹ̀mejì tí kò yọjú, kó sì dá a lẹ́bi. Ìjìyà ni wọ́n á dá dúró títí wọ́n á fi mú un.

Ará Òkèsà

Lọ́yà, ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé lọ́yà àwọn olówó nìkan kọ́ ló ń fa ẹjọ́ náà o. Àwọn ni mo rí tí wọ́n ń kọ lẹ́tà sísún.

Lọ́yà Ìjerò

Wọ́n ń ṣe é, mi ò gbè sẹ́yìn wọn. Ẹ wo ìhà kejì náà: olùpẹ̀jọ́ á mú ẹ̀sùn 40 wá nígbà tí ẹ̀sùn mẹ́fà tó, á yí ìwé ẹ̀sùn padà lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbéèrè "ṣé o jẹ̀bi". Ẹ jẹ́ kí n mú ti ilé wa. Gómìnà wa tẹ́lẹ̀, Ayọ̀délé Fáyòṣe, EFCC gbé e lọ sí kóòtù ní oṣù Kẹwàá 2018, béèlì ₦50 mílíọ̀nù ni wọ́n fún un. Oṣù Keje 2025 ni kóòtù tó sọ pé àwọn olùpẹ̀jọ́ kò mú ẹjọ́ kankan wá tí á mú kó wí tẹnu rẹ̀, ó sì dá a sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òfin ₦100 mílíọ̀nù tí ẹ̀gbọ́n ń bèèrè fún ti wà, ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́sàn-án ni á ti lò ní àhámọ́ lórí ẹjọ́ tí kóòtù ní kò dúró. Bí ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀ tàbí ẹ kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣé ẹ̀tọ́ nìyẹn?

Oníṣirò Ìdó

Ìyẹn wọ̀ mí létí. Síbẹ̀ mi ò yí padà lórí ọ̀rọ̀ owó. Ohun tí mo fẹ́ yàtọ̀ sí béèlì ni pé kí wọ́n ti owó pa ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ̀sùn kàn án. Òfin EFCC ti 2004 fún wọn ní agbára láti lọ gba àṣẹ kóòtù láti di dúkìá mú fún ìgbà díẹ̀, òfin ti 2022 lórí owó tó ti inú ìwà ọ̀daràn wá sì tún gbòòrò. Ẹni tí àkáǹtì rẹ̀ wà ní títì, tí ilé rẹ̀ wà ní dídì mú, kò rí owó ọkọ̀ òfuurufú àdáni san, kò rí lọ́yà mẹ́sàn-án gbà. Ó kù kí kóòtù jẹ́ kó máa yọ iye tí ilé rẹ̀ ń ná lóṣù àti owó lọ́yà tó mọ níwọ̀n. Ẹ ti owó pa, ẹ jẹ́ kí èèyàn lọ sílé. Béèlì ₦5 mílíọ̀nù á tó bí ìyókù bá wà ní títì.

Ìyá Ìkọ̀lé

Èyí ni mo lè bá yín buwọ́ lù. Ó kan olówó, kò kan ọmọ tó jí fóònù.

Lọ́yà Ìjerò

Ó dára, bí wọ́n bá tètè dá a padà fún ẹni tí wọ́n bá dá sílẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé sí oòrùn fún ọdún méje ti di irin. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín pé ohun tó ń bàjẹ́ ni kí wọ́n tà, kí owó rẹ̀ wà ní àkáǹtì tó ń mú èlé wá.

Ará Òkèsà

Mo ti gbọ́ gbogbo yín. Mo ti yọ ₦100 mílíọ̀nù yẹn kúrò nínú ìwé wa. Bí Lọ́yà ṣe wí, àwọ̀n wa kò dé odò náà, mi ò sì fẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn jẹ ìyà tí a fẹ́ fi jẹ olówó. Ohun tí mo máa fi sí i ni èyí tí Akọ̀wé sọ: kí òṣìṣẹ́ kóòtù fọwọ́ ara rẹ̀ gbé lẹ́tà lọ sí ilé-iṣẹ́ ilẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sórí fáìlì pé kóòtù ti dì í mú, kí ìwé àkọsílẹ̀ onídùúró jẹ́ ọ̀kan fún gbogbo kóòtù l'Ádó. Adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ lè fi ìlànà iṣẹ́ gbé ìyẹn kalẹ̀ fún kóòtù tiwa láìdúró de òfin tuntun, àbí, Lọ́yà?

Lọ́yà Ìjerò

Ó lè ṣe é fún kóòtù ìpínlẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà kejì sí adájọ́ àgbà fún Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀, òun ló ń darí tiwọn. Ẹ má fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí ibi méjì.

Ìyá Ìkọ̀lé

Ẹ fi tèmi náà sí i, ẹ̀gbọ́n: pé kí májísíréètì gba ọlọ́jà tàbí olórí ẹbí ní onídùúró níbi tí kò bá sí sí-ọ́fù-ó, kí wọ́n sì má lé obìnrin kúrò ní ẹnu ọ̀nà akọ̀wé.

Ará Òkèsà

Mo ti kọ ọ́, màmá. Ìlà kẹta ló wà.